Bẹ́ ẹ ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fáwọn àgbà, tó máa wọ̀ wọ́n lọ́kàn

Ìgbà àkọ́kọ́ témi àtàwọn tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìtọ́jú àgbà ṣètò ìdúpẹ́ fáwọn fọ́lọ́ńtíà wa, èèyàn 31 la pè síwájú, ìwé-ẹ̀rí 31 la tẹ̀, gbólóhùn kan náà ló sì wà lára gbogbo ẹ̀: "Fún iṣẹ́ takuntakun rẹ." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò, ó parí. Ìgbà tí mò ń kó àga jọ ni mo rí ìwé kan tí wọ́n gbàgbé sórí àga, mo gbé e, mo sáré bá ẹni tó ni ín lẹ́nu géètì, mo ní bọ̀dá, ẹ gbàgbé ìwé yín o. Ó wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú o, kí ni mo ṣe gan-an?" Inú ò bí i o, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo yanu sílẹ̀, mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí n tó rí ìdáhùn, lẹ́nu màmá tí bọ̀dá yẹn máa ń lọ wò láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Orúnkún ń dun màmá yìí, kó tó dìde lórí àga, kó tó wá ọ̀pá ẹ̀, kó tó rìn dé ẹnu ọ̀nà, á tó ìṣẹ́jú márùn-ún dáadáa. Màmá ní àwọn tó kù, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn tóun ò tètè dáhùn, wọ́n á tún kàn án, wọ́n á tún kàn án, wọ́n á wá máa pariwo orúkọ òun lójú wíńdò, òun náà á wá máa kánjú, ibi tóun ti ń kánjú yẹn lòun ti ṣubú lọ́jọ́ kan. "Ti bọ̀dá yẹn yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń kàn án. Á wá dúró."

Ṣé ẹ rí nǹkan! Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn ìjàǹbá tó ń pa èèyàn láyé yìí, yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ojú pópó, ìṣubú ló tún pọ̀ jù, àwọn tó sì ti lé ní ọdún 60 ló ń kú jù nínú ẹ̀. Bọ̀dá tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láìsọ nǹkan kan, tí ò kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ò jẹ́ kí màmá yẹn tún ṣubú, àwa wá lọ tẹ "iṣẹ́ takuntakun" fún un.

Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé owó kọ́ ni ìṣòro ìdúpẹ́, àìmọ ohun tẹ́ni náà ṣe ni. Ohun tí mo máa kọ sísàlẹ̀ yìí, ibi tá a ti ṣe é tì àti ibi tó ti jọ ọ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wádìí

Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí fọ́lọ́ńtíà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tiẹ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe nǹkan yín. Ẹ wá lọ bá àwọn àgbà fúnra wọn. Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni irú ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè. Bẹ́ ẹ bá bi màmá àgbà pé "Ṣé ọmọ yẹn ń ṣe dáadáa?", á ní "Ó ń ṣe dáadáa o, Ọlọ́run á ṣe é lóore," ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ẹ máa padà sílé pẹ̀lú ìwé òfìfo. Ẹ bi í pé, "Ìgbà tó wá kẹ́yìn, kí lẹ jọ ṣe?" Tàbí kẹ́ ẹ ní, "Bí ò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló máa wà nílẹ̀ láìṣe?" Ìbéèrè kejì yìí ló máa ń tú gbogbo ẹ̀ síta.

Mo bi bàbá kan bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Èékánná ẹsẹ̀ mi." Mo ní kí ni? Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tóun ò ti lè bẹ̀rẹ̀ débi ẹsẹ̀ òun mọ́, ojú òun ò sì ríran tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ òun ò mọ̀ torí ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń rí, ojú sì ń ti òun láti sọ. Ọmọbìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ ẹ̀ á bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, bàbá á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí èékánná á fi rọ̀, ọmọ náà á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ bàbá lé itan ara ẹ̀ lórí aṣọ ìnura, á wá máa gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, tààrà ló ń gé e lọ, kì í gé e wọnú ní igun, wọ́n á sì máa jiyàn bọ́ọ̀lù títí á fi tán. (Bẹ́ni náà bá ní àtọ̀gbẹ, nọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gé e o, torí egbò kékeré lẹ́sẹ̀ alátọ̀gbẹ lè di nǹkan míì.) Nínú fáìlì ẹgbẹ́ wa, ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ọmọ yìí ni "ìbẹ̀wò". Ìbẹ̀wò!

Bẹ́ ẹ bá ń bi wọ́n, ẹ jókòó síbi etí tó gbọ́rọ̀ dáadáa, ẹ kọjú sí wọn, ẹ má ṣe é nírọ̀lẹ́ nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé lè má rántí orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ fi fọ́tò hàn án kẹ́ ẹ máa wo ojú ẹ̀, ojú yẹn máa sọ nǹkan fún yín, kẹ́ ẹ tún wá bi nọ́ọ̀sì tàbí ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀.

Ẹ wá àwọn tẹ́nì kan ò rí náà. Ẹni tó ń fi mọ́tò gbé wọn lọ sọ́síbítù tó jókòó wákàtí mẹ́rin sínú ọkọ̀ kó tún lè gbé wọn padà, ẹni tó ń ṣírò owó ẹgbẹ́ lálẹ́, ẹni tí ò jáde nílé rárá àmọ́ tó ń fi fóònù pe èèyàn mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ ohùn wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn àgbà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé wọn ò ní ìfararora pẹ̀lú àwọn èèyàn tó bó ṣe yẹ, fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ìpè àárọ̀ yẹn lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó máa bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó ń pè yìí kì í wà nínú fọ́tò kankan.

Ẹ má sì rò pé ọ̀dọ́ ni gbogbo fọ́lọ́ńtíà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àgbà ni wọ́n fúnra wọn. Ní Amẹ́ríkà ètò ìjọba kan wà tó ń jẹ́ AmeriCorps Seniors, ẹni ọdún 55 sókè ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Senior Companions, àgbà ló ń lọ ran àgbà bíi tiẹ̀ lọ́wọ́ nílé. Torí náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń pín ìlà sáàárín "àwọn tó ń ṣoore" àti "àwọn tí wọ́n ń ṣoore fún", ẹ rọra, ẹnì kan náà lè wà níhà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ káwọn àgbà ni olóde

Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Lọ́dún 1991 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àwọn ìlànà kan lórí ọ̀rọ̀ àgbà, orí márùn-ún ló pín sí: òmìnira, kíkópa láwùjọ, ìtọ́jú, lílo ẹ̀bùn ẹni dáadáa, àti iyì. Lábẹ́ kíkópa yẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó yẹ káwọn àgbà fúnra wọn láǹfààní láti sin àwùjọ kí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn níbi tó bá wù wọ́n tí agbára wọn sì gbé. Ẹ wá wo bí ọ̀pọ̀ òde ìdúpẹ́ ṣe máa ń rí: wọ́n á kó àwọn àgbà jókòó sẹ́yìn bí ẹrù, ọ̀gá kan á máa sọ̀rọ̀ lórí wọn, fọ́lọ́ńtíà á gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá tí kò rí i rí.

Ẹ yí i padà. Ẹ fi àgbà méjì tàbí mẹ́ta sínú kọmití, kí wọ́n mú ọjọ́, kí wọ́n sọ ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ wọn ni ìwé ti máa kúrò. Ẹni tó bá lè kọ̀wé kó kọ ọ́ fúnra ẹ̀, ká ní ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má lọ tún un tẹ̀ kó lè rẹwà, lẹ́tà tó wọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa gbé kọ́ ògiri. Ẹni tí ò lè kọ, ẹ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú kan péré, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi fídíò pè é lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹ ti dán an wò lọ́jọ́ tó ṣáájú o.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò wá. Bàbá eléèékánná yẹn, mo ya fọ́tò ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú bàsíà pẹ̀lú ọmọbìnrin yẹn nísàlẹ̀, fọ́tò náà dáa gan-an, inú mi dùn sí i, mo gbé e sórí Facebook láti yin ọmọ náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá pè mí. Kò pariwo. Ó ní, "O fi ẹsẹ̀ mi han ayé." Nǹkan tó fi pa mọ́ fáwọn ọmọ ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan ni mo fi tú u. Mo yọ ọ́ kúrò, mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ó gbà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún bá mi ṣàwàdà. Torí náà ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó yà á, ẹ tún gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ìyẹn ìgbà méjì, ẹ sì fi fọ́tò náà gan-an hàn wọ́n nígbà kejì. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jí pépé mọ́, kí ẹbí ẹ̀ gbà, kí òun náà má sì yíjú kúrò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yin ẹnì kan, ẹ má ṣe fi ìhòòhò ẹlòmíì yìn ín.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ náà

Ohun kan tó ṣe, àti ohun tó yí padà torí ẹ̀, tán. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ìfẹ́ àti àánú tí o ní sáwọn arúgbó" ò sọ nǹkan kan, ẹ lè fún ẹnikẹ́ni lójú títì. Ẹ wo èyí: "Ìwọ lo fi máàkà dúdú kọ ÀÁRỌ̀ àti ALẸ́ gàdàgbà sára ike oògùn mi. Mi ò tún ṣì í lò mọ́." Kò tó ọgbọ̀n ọ̀rọ̀. Mo rí ọkùnrin géńdé tó ka irú ẹ̀ tó ní omi ń jáde lójú òun torí eruku.

Ẹ kọ orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é, kò sóhun tó ń bani nínú jẹ́ bíi kí wọ́n máa yin èèyàn lórúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní áńgẹ́lì. Áńgẹ́lì kì í rẹ̀, áńgẹ́lì kì í ná owó ọkọ̀, ẹni tẹ́ ẹ bá sì pè ní áńgẹ́lì ò ní lè sọ fún yín lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì sọ pé láìsí i bàbá ò bá ti kú, ẹrù yẹn ti wúwo jù fún ẹni tó kàn ń wá lọ́jọ́ Sátidé.

Áwọ́ọ̀dù "fọ́lọ́ńtíà tó dáa jù lọ́dún" ńkọ́? Èmi ò fẹ́ ẹ, mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀. Wákàtí ni wọ́n sábà máa ń kà, ẹni tó ní àyè jù ló sì máa ń gbà á, opó tó ń ṣiṣẹ́ méjì tó sì ṣì ń fi wákàtí kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ láti lọ ka ìwé ìròyìn fún ẹni tí ò ríran, kò lè gbà á láéláé.

Ìgbà wo?

Ọjọ́ méjì wà tí gbogbo ayé mọ̀. December 5 ni ọjọ́ àwọn fọ́lọ́ńtíà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló fi lélẹ̀ lọ́dún 1985. October 1 ni ọjọ́ àwọn àgbà, ọdún 1990 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn náà ló tún mú odindi ọdún 2026 fún àwọn fọ́lọ́ńtíà, bí wọ́n ti ṣe fún ọdún 2001. Ẹ lè lo èyíkéyìí, tó bá jẹ́ October 1 lẹ mú, kó jẹ́ pé àwọn àgbà ló ń dúpẹ́, kó má di pé ẹ gba ọjọ́ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ò tó. Ẹni tó ṣe nǹkan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó gbọ́ ọ lọ́jọ́rú.

Kí lẹ máa fún wọn

Ẹ kọ́kọ́ san gbèsè. Owó ọkọ̀ tí wọ́n ń ná, owó kádì fóònù, epo mọ́tò, ẹ dá a padà fún wọn, kẹ́ ẹ má sì pè é ní ẹ̀bùn. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ra pátákó gíláàsì olówó gọbọi fún ẹni tí wọ́n jẹ ní owó ọkọ̀ oṣù mẹ́jọ, ẹni náà gbé pátákó lé orí, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tàbí tó fẹ́ wọ ilé ìwé, lẹ́tà tó dáa sàn fún wọn ju gbogbo ẹ̀ lọ: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ohun tó ń ṣe gan-an, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe báyìí, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Àwọn míì, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn má baà dùn wọ́n, bí wọ́n ṣe ń bá onígbàgbé sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n ṣá.

Àwọn àgbà náà á fẹ́ fún wọn ní nǹkan, ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra, torí ibẹ̀ náà làwọn onítànjẹ ń gbà wọlé, ìfura ẹbí sì lè ba orúkọ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan jẹ́. Òfin tiwa ni pé àgbà ń fúnni ní ọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ ló ń fúnni ní nǹkan. A kọ ọ́ sílẹ̀, a kà á fún gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tójú ń tì láti kọ̀.

Ọ̀kan tún wà tẹ́nikẹ́ni kì í kà mọ́ ìdúpẹ́. Bí àgbà kan bá kú, ẹ pe fọ́lọ́ńtíà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́. Ẹ pè é o, ẹ má fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù. Ẹnì kan nínú wa gbé ìwé ìròyìn dání lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó débẹ̀, wọ́n ti ká bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ń fọ yàrá, ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ló sọ fún un. Ọdún mẹ́rin ló fi ń lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní áwọ́ọ̀dù mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ó ti mọ ipò tó wà lọ́kàn yín. Ẹ sọ fún ẹbí òkú kí wọ́n jẹ́ kó mọ ọjọ́ ìsìnkú, kẹ́ ẹ má sì gbé ẹlòmíì fún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bí ẹni pé táyà lẹ pààrọ̀.

Ọjọ́ náà gan-an

Kó má ju wákàtí kan lọ, kó jẹ́ ọ̀sán. Ibi tí ò ní àtẹ̀gùn, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò jìnnà, àga tó ní apá kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú dìde. Ẹ lo máìkì, àní bí yàrá náà kéré, ẹni tó máa ń sọ pé "ohùn mi dún, mi ò nílò máìkì" ni wọn kì í gbọ́. Kẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ kọjú sáwọn èèyàn, kí iná wà lójú ẹ̀, torí àwọn tí etí wọn wúwo ẹnu ni wọ́n ń wò. Ìwé tẹ́ ẹ bá pín, lẹ́tà ńlá ni, dúdú lórí funfun. Ẹ bi fọ́lọ́ńtíà kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ bóyá iwájú èrò ló fẹ́ àbí níkọ̀kọ̀, àwọn kan máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá pè wọ́n síwájú, ìyà lẹ fi ń jẹ wọ́n. Àwọn èèyàn ńlá ńlá tó fẹ́ wá sọ̀rọ̀, ẹ ní kí wọ́n wá jókòó.

Bọ̀dá tó gbàgbé ìwé lórí àga, ọdún tó tẹ̀ lé e màmá ló gba máìkì, ó jókòó sórí àga ẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Bọ̀dá kàn ń wo bàtà ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bi í kí ló fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe fún òun, mo ti rò pé á ní kò sí. Ó ní òun fẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì, òun fẹ́ lọ wo ìyá tòun náà, ó ti pẹ́ tóun ti fẹ́ sọ ọ́, òun ò mọ ẹni tóun máa sọ ọ́ fún ni.

Èmi ni mo gba iṣẹ́ ọjọ́ méjèèjì. Mo débẹ̀ láàárọ̀, mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, mo dúró. Mo wo fóònù mi, ìṣẹ́jú méjì. Mo tún dúró, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, mo kàn án lẹ́ẹ̀kejì.

"Mò ń bọ̀ o!" màmá pariwo látinú ilé. "Ta lẹ tiẹ̀ rán wá lónìí?"